Ife Kejì

Wọ́n ti to àwọn ìgò náà sínú oòrùn kí Àlájì Husain tó dé. Wọ́n dúró lẹ́sẹẹsẹ lórí iyanrìn tútù tí wọ́n dà sí àárín àgbàlá, dúdú, ọlọ́rùn gígùn, ìda pupa ṣì wà lórí àwọn kan nínú wọn. Oòrùn ọ̀sán Ayétòrò ń ta sí wọn lára láìdáwọ́ dúró. Ohun àkọ́kọ́ tó sì wá sí Àlájì lọ́kàn, kí ẹ̀rù tó bà á, kí ojú tó tì í, ni pé kí ẹnì kan jọ̀wọ́ kó wọn sábẹ́ ibòòji, nítorí oòrùn a máa ba irú ọtí bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ẹ ò rí i bí ọkàn ọmọ ènìyàn ti rí? Ilé ń jó, ó ń wá ibi tí yóò fi ìgbálẹ̀ sí. Ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọ àgbàlá ló tó yé e pé ìgò òun ni wọ́n wú jáde, pé Ifákẹ́mi, ìyàwó Ìbídàpọ̀ ọ̀rẹ́ òun, ló jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yẹn tó ká apá mọ́ àyà, àti pé báàgì aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ti àlejò.

Ifákẹ́mi kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀ṣunníyì ló pè é. Ẹ̀gbọ́n Ìbídàpọ̀ ni, àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi tó bá ń lọ. Lórí fóònù láàárọ̀, ohun tó sọ kò ju pé kí Àlájì jọ̀wọ́ máa bọ̀ láti Ìlaró, ọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ti àgbà, Àlájì nìkan sì ni Ìbídàpọ̀ máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àlájì rò pé àìsàn tó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fínra ló tún gbé e dè. Kò tilẹ̀ dúró jẹun. Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ ń na aṣọ láwàní sókè kó lè wò ó bóyá ó gùn tó ni ó fi jáde, nítorí ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò wé láwàní fún un ní mọ́sálásí àdúgbò wọn, wọn yóò fi jẹ Bàbá Àdínnì. Mẹ̀dínátù ní kó mú ọsàn lọ fún aláìsàn. Ọsàn náà ló gbé dání nínú ọ̀rá báyìí, tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ìbídàpọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga kékeré kan. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn bó ṣe máa ń wà, torí òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń tì í. Ó kí Àlájì. Kò wo ojú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ìgò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni Àlájì Husain ń tà, Ìbídàpọ̀ sì ni awakọ̀ tó bá a kó ọjà láti Kútọnu gba Ìdìròkó wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kútọnu ni ọkùnrin Ègùn kan, tó ń ta ọtí tó bá ọkọ̀ òkun wá, ti fi bíà dúdú kan hàn wọ́n. Sítáòtù ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń mu nídìí ẹran sísun. Ó ní inú àgbá onígi tí wísikì ti gbé rí ni wọ́n fi í pamọ́ sí fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ó bù ú sí ife oníkùn róbótó méjì, ó dúdú bí àdín, ó sì ki. Ìbídàpọ̀ fẹ́ gbé e mì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúsùmáà," ló fi Faransé wí, ìyẹn ni pé kó rọra. Ó wá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí ife mú kí ọtí náà lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí wọ́n ṣe ń yí i díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kàn án. Nínú àwọn méjèèjì, Àlájì ni kò yẹ kó tọ́ ọ wò. Òun náà ni kò fẹ́ gbé ife sílẹ̀ mọ́.

Kí ló rí níbẹ̀? Òórùn ẹ̀pà tó jóná díẹ̀ nínú agbada, kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, èéfín igi, àti ohun dídùn kan tó wá lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí kò kánjú. Ó ń retí kí ẹ̀ṣẹ̀ korò lẹ́nu òun. Kò korò tó bó ṣe rò.

Ọkùnrin náà tún sọ fún wọn pé ọtí yìí a máa dàgbà. Bí ènìyàn bá fi pamọ́ síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, líle rẹ̀ tó ń ta ni lọ́fun yóò rọ̀, adùn tó sá pamọ́ yóò sì jáde. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ibi tútù ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí iná mànàmáná ti ń wá bí àlejò? Ìbídàpọ̀ ló rántí yàrá obì. Olóbì ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì mọ yàrá kan sẹ́yìn ilé, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, kò ní fèrèsé, nítorí obì kò fẹ́ ooru. Ìbídàpọ̀ ri àwọn àmù ńlá mọ́ ilẹ̀ yàrá náà títí dé ọrùn. Ó da iyanrìn odò sí wọn nínú, ó to ìgò sínú iyanrìn náà lóòró, kò jẹ́ kí ọ̀kankan dùbúlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sùn sísàlẹ̀. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi omi wọ́n ọn. Bí bàbá rẹ̀ ṣe tọ́jú obì ni òun náà ṣe ń tọ́jú ọtí. Ẹni tó bá yọjú síbẹ̀, àmù omi àtijọ́ ló rí.

Ó di pé wọ́n ń ra ìgò bíi mélòó kan lọ́dọọdún, wọ́n ń mu èyí tó ti pẹ́, wọ́n ń fi èyí tó dé pamọ́. Àlájì ṣe òfin fún ara rẹ̀. Kì í mu ún lọ́jọ́ Jímọ̀. Kì í mu ún nílé rẹ̀. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu àlùfáà pé àdúrà ẹni tó bá mutí kì í gòkè fún ogójì ọjọ́, nítorí náà, bí àwẹ̀ bá ti ku ogójì ọjọ́, á nu ẹnu nù, ó di ẹ̀yìn ọdún. Ẹ wo ọgbọ́n. Àfi bí ẹni pé aṣọ́bodè kan tó ń tòògbé ni Ọlọ́run, téèyàn lè mọ àsìkò tó ń sùn kó fi ẹrù kọjá.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ Ìbídàpọ̀ wú, ikùn rẹ̀ náà wú. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, kò gbọdọ̀ tún fẹnu kan ọtí títí ayé. Ìbídàpọ̀ gbọ́wọ́ lé Bíbélì níwájú Ifákẹ́mi, ó búra. Ó sì mú un ṣẹ. Àlájì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí láti ọjọ́ náà wá, òun nìkan ló ń mu ún. Ìbídàpọ̀ á bá a ṣí ìgò, á bu díẹ̀ sínú ife tirẹ̀ náà, á dijú, á gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ títí, á wá tì í síwájú Àlájì.

"Gba tèmi mu, Husain," á ní. "Imú mi ti yó."

Àlájì kò fìgbà kankan sọ pé, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká kó àwọn ìgò yìí kúrò nílé rẹ. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ibo ni ì bá kó wọn lọ?

Ọ̀ṣunníyì ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá wọn, ó ti dé orí bí wọ́n ṣe fẹ́ Ifákẹ́mi láti Ìmẹ̀kọ, kó tó wá dé orí àná. Omi kò yọ nínú ẹ̀rọ kànga àdúgbò lánàá, Ifákẹ́mi wá rántí pé àmù wà ní yàrá obì tí òun lè hú jáde kí òun fi pọn omi pamọ́. Ó ki ọwọ́ bọ iyanrìn kó lè kó o kúrò. Ọrùn ìgò ló bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé.

Wọ́n ní kí Ifákẹ́mi sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ Abẹ́òkúta ni òun ń dúró dè, òun ń lọ bá Ìdùnnúolúwa ọmọ òun, kí ẹni tó fẹ́ kú máa kú lọ. Lẹ́yìn náà, Àlájì ló dojú kọ, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni mò ń bá a jẹ láti ìgbà tí ara rẹ̀ ò ti yá, kó má baà máa rò pé òun nìkan là ń fìyà jẹ. Ọtí kọ́ ló ń dùn mí, Àlájì. Ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì."

Ọ̀ṣunníyì yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí ló rí sọ. Ìbídàpọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kó wọn pamọ́ síbẹ̀," ló wí.

Wọ́n bi í pé ṣé ó ń mu ún. Kò dáhùn. Wọ́n tún bi í. Ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. Àlájì, tó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un láàárín, mọ ìdí tó fi dákẹ́. Bí Ìbídàpọ̀ bá ní òun ò mu ún, ìbéèrè tó kàn ni pé ta wá ló ń mu ún. Ọkùnrin náà kò fẹ́ parọ́, kò sì fẹ́ da ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bá há ara rẹ̀ mọ́ àárín méjèèjì.

Wọ́n wá ní kí Àlájì sọ̀rọ̀.

Gbólóhùn tó yẹ kó sọ kò gùn, ó sì rí i kedere níwájú rẹ̀: tèmi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún rí láwàní funfun lọ́wọ́ Mẹ̀dínátù, ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ torí Jímọ̀, ó rí Ọ̀ṣunníyì tí kì í fi ọ̀rọ̀ sùn. Ó wúkọ́. Ohùn tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ohùn tó fi ń parí ìjà láàárín àwọn oníṣòwò, ohùn jẹ́jẹ́, ohùn àgbà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ara tí Ọlọ́run fi yá wa. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rere àti bó ṣe ṣọ̀wọ́n. Ó bá a lọ débi pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn létí òun fúnra rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì sì ń mi orí. Bóyá bí kò bá dùn tó bẹ́ẹ̀, ì bá mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

"Ìbídàpọ̀," ó ní, "bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Kí ló dé tó o fi tan ìyàwó rẹ jẹ?"

Ìbídàpọ̀ gbójú sókè. Ìbínú ni Àlájì ń retí níbẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Àárẹ̀ nìkan ló rí.

"Ẹ má bínú, Àlájì."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń rin ọ̀nà Kútọnu, Husain ló ń pè é. Níwájú ẹlòmíràn nìkan ni í fi ń pe Àlájì, tó bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín lábẹ́ èyí. Àlájì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ọ̀rọ̀ irọ́ àti òótọ́ tí Àlájì sọ yìí ni Ọ̀ṣunníyì gbé lọ́wọ́. Ó ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí, Àlájì ti parí rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè gbọ́wọ́ lé Bíbélì parọ́ kò yẹ lẹ́ni tí í ṣílẹ̀kùn ilé Ọlọ́run, òun ò ní dúró kí ìjọ gbọ́ ọ níta kí wọ́n tó wá fi àbùkù kan ìdílé àwọn, òun fúnra òun ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún wọn lálẹ́ òní. Ó na ọwọ́. Ìbídàpọ̀ bọ́ okùn náà lọ́rùn. Ó há a létí, ó rọra tú u, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín dà bí ẹni tí ó wà níhòòhò. Ọ̀ṣunníyì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò agbádá rẹ̀.

Ó kù kí wọ́n da ọtí náà nù. Ọ̀ṣunníyì ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, torí òun mọ ara òun, bí òun bá gbóòórùn ògógóró lásán, ẹsẹ̀ òun a máa yà. Ifákẹ́mi sì kọ̀, kò dìde lórí àpótí rẹ̀.

"Àlájì nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ́ nínú gbogbo wa," ni Ọ̀ṣunníyì wí. "Kí Àlájì bá wa dà á nù, kó lè lọ pátápátá."

Ni Bàbá Àdínnì ọ̀la bá gbé ọ̀rá ọsàn kalẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú oòrùn. Wọ́n fún un ní irin ìṣígò. Ó ṣí àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ dìde, ẹ̀pà, kòkó, igi, gbogbo rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n, itọ́ sì yọ lẹ́nu rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ojú ti í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀ṣunníyì rò pé líle ọtí náà ló ta á lójú, ó ní kó rọra.

Ó rọra ni tòótọ́. Ẹni tó bá ń da nǹkan nù, ṣe ló yẹ kó dorí ìgò kodò kó máa pariwo gbọ́lọgbọ̀lọ sílẹ̀. Ọwọ́ Àlájì kò mọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgò dá ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tú u jáde tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ife wà nísàlẹ̀ tí kò fẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ kún jù, nígbà tó sì ku díẹ̀ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ fẹ́ yọjú, ó dáwọ́ dúró, ó gbé ìgò náà kalẹ̀. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, iyanrìn ń mu ún, ìfófòó rẹ̀ pọ́n lórí iyanrìn bí ìfófòó àgbo.

Ó wá kan ìgò tó pẹ́ jù. Ọdún tó ti Mẹ́kà dé ni wọ́n rà á. Wọ́n ti ṣe àdéhùn lé e lórí, òun àti Ìbídàpọ̀, pé ọjọ́ tí dókítà bá ní ara ti yá ni wọn yóò ṣí i, Ìbídàpọ̀ yóò gbóòórùn rẹ̀, òun yóò mu ún fún àwọn méjèèjì. Ó fi èékánná họ ìda rẹ̀ kúrò. Kò lè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ifákẹ́mi ti dìde. Ó wọ yàrá obì, ó jáde pẹ̀lú ife oníkùn róbótó méjì, iyanrìn ṣì wà lára wọn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọ̀kan, ó nà án sí Àlájì.

"Inú àmù náà ni mo ti bá ìwọ̀nyí," ó ní. "Ẹ bu díẹ̀ fún mi, Àlájì. Mo fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ pa ọkọ mi."

Ọ̀ṣunníyì ń pariwo pé irú eré wo nìyẹn, obìnrin ò lọ́rọ̀ kankan pẹ̀lú ọtí. Kò dá a lóhùn. Àlájì gba ife náà. Ó bu ú, díẹ̀, láì jẹ́ kó hó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí rẹ̀ mú. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá nà án sí obìnrin náà.

Ifákẹ́mi kò gbà á. Ọwọ́ Àlájì ló ń wò. Ó wò ó pẹ́. Ó wo àwọn ìgò tó ti gbófo, ó wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sídìí gbogbo wọn lọ́gbọọgba, ó tún padà wo ọwọ́ náà.

"Ìyá Ìdùnnú," ni Ìbídàpọ̀ pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ẹ̀bẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ifákẹ́mi gba ife, ó fi ahọ́n kàn án. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ó korò," ló wí. Ó dà á sílẹ̀. Ó kọjá lára Àlájì, ó gbé báàgì aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọlé padà.

Inú Ọ̀ṣunníyì dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ Àlájì ti wọ obìnrin náà lára. Ó ní kí Àlájì fi àdúrà dé e. Kò sí bí ó ṣe fẹ́ kọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òórùn ọtí náà sì kún un nímú láti ọwọ́ ara rẹ̀. Ogójì ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jókòó nínú yàrá obì yẹn kẹ́yìn. Ó ń fi Lárúbáwá àti Yorùbá tọrọ àlàáfíà fún ilé Ìbídàpọ̀, ó sì mọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ pé kò dé ibì kankan, pé orí òrùlé páànù yẹn ló mọ. Ìbídàpọ̀ ń ṣe àmín. Tọkàntọkàn ló ń ṣe é. Ìyẹn ni Àlájì kò lè gbà mọ́ra.

Ó sọ pé òun ń lọ. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níta nígbà tí Ifákẹ́mi lé e bá. Ọ̀rá tó fi gbé ọsàn wá ló mú dání, ohun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ gbàgbé nǹkan, Àlájì."

Ó gbà á. Kò dìgbà tó bá wò ó kó tó mọ̀.

"Láti àná ni mo ti ń bi í léèrè ife kejì," ni Ifákẹ́mi wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ní òun ló ń fi méjèèjì mu. Mo ní, ta ní ń fi ife méjì mutí? Ó ní òun ni." Ó tún ìró rẹ̀ wé. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí òun náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, èmi ò lágbára láti gbà á padà."

Ó yípadà. Àlájì fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò rí ọ̀rọ̀ tó mọ́ tó lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà náà ló wá rò ó pé obìnrin náà ti dá a sílẹ̀. Ilé wọn ti tòrò, ó ń lọ sí Ìlaró, Jímọ̀ yóò dé, wọn yóò wé láwàní, kò sí ẹnì kan láyé tí yóò gbọ́. Ohun gbogbo tó ń bẹ̀rù láti ọ̀sán ti kọjá lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sanwó rẹ̀, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀. Bí Àlájì bá dé ilé, tí Mẹ̀dínátù bi í pé báwo ni aláìsàn, kí ni yóò sọ?

Ọ̀ṣunníyì ti yọ láti igun ilé, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ní òun wá sin àlejò pàtàkì. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ọlá Jímọ̀ ṣojú gbogbo àwọn, òun ti yan aṣọ tí òun yóò wọ̀. Ó rí ọ̀rá lọ́wọ́ Àlájì.

"Ṣé wọ́n dá ọsàn yín padà ni? Ìwà wo nìyí?"

Kò tilẹ̀ dìgbà tí Àlájì bá parọ́. Bó bá mi orí lásán, ó tó. Ọ̀ṣunníyì fúnra rẹ̀ ni yóò bá a parí irọ́ náà. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, irin rẹ̀ gbóná, ó mú ọwọ́ kúrò.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ife mi ni."

Ọ̀ṣunníyì rẹ́rìn-ín, ó ní ife wo. Àlájì la ẹnu ọ̀rá náà, ó gbé e síwájú rẹ̀ kó wò ó. Àgbàlagbà náà wo ife, ó yí ojú sí àgbàlá, níbi tí Ifákẹ́mi gbé èkejì rẹ̀ lé orí pèpéle ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọwọ́ Àlájì, ó wo apá aṣọ rẹ̀ tó ṣì ká sókè. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀?" ló béèrè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láìpariwo.

"Gbogbo rẹ̀. Kò fẹnu kàn án láti ọjọ́ tó ti búra. Ó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni."

Ọwọ́ Ọ̀ṣunníyì ń wá ẹnu àpò agbádá rẹ̀, kò tètè rí i, ó ń tẹ aṣọ náà káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù sára. Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ náà dún. Ó yípadà láìdágbére, ó ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrìn àgbà ni, kò yá.

Àlájì dúró síbẹ̀. Ó ti rò pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde lẹ́nu òun, nǹkan kan yóò wó lulẹ̀ gbàgà. Kò sí ohun tó wó. Yóò wó, kó tó di alẹ́ yóò ti dé Ìlaró, ó mọ Ọ̀ṣunníyì dáadáa. Ó di ọ̀rá ife náà mú, kò mọ̀ bóyá kí òun wọ ọkọ̀ tàbí kí òun padà sínú ilé, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n tún fẹ́ rí òun níbẹ̀.

Ó gbọ́ tí Ọ̀ṣunníyì ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde síta. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ náà tún dún.

"Husain," ni Ìbídàpọ̀ pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀. "Má dúró sínú oòrùn mọ́."